Ilé fún Ìwé, Ilé fún Ènìyàn: Bí Iṣẹ́ Ilé Kíkọ́ Àtijọ́ Kòríà Ṣe Di Ilé-Ìkàwé Òde-Òní

Lórí Òkè Gaya ní ilẹ̀ Gúúsù Kòríà, nínú ọgbà tẹ́ńpìlì ẹ̀sìn Búdà tí à ń pè ní Haeinsa, ilé gbọọrọ méjì wà tí wọ́n dojú kọ ara wọn. Gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó nǹkan bí 60 mítà. Ọ̀ṣọ́ ara wọn kò pọ̀, kò sì sí ẹ̀rọ amúlétutù kankan nínú wọn. Ẹni tí kò mọ ohun tí ó wà níbẹ̀ lè pè wọ́n ní àká ọkà. Ṣùgbọ́n ohun tí a kó sínú wọn ju ọkà lọ: pátákó ìtẹ̀wé ni, ó lé ní 81,000, tí a gbẹ́ àkójọpọ̀ ìwé mímọ́ ẹ̀sìn Búdà sí lójú méjèèjì. Láàárín ọdún 1237 sí 1248 ni a gbẹ́ wọn, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Mọ̀ngólíà ń da ilẹ̀ náà rú, tí ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ sì ti sá lọ sí erékùṣù Ganghwa. Ẹ̀dà àkọ́kọ́, èyí tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ní sẹ́ńtúrì kọkànlá, ni ogun náà ti jó di eérú ní 1232. A gbé ẹ̀dà kejì dé Haeinsa ní 1398. Àwọn ilé tí wọ́n wà níbẹ̀ lónìí ti wà láti nǹkan bí 1488.

Ní àwọn ọdún 1970, lábẹ́ ìjọba Ààrẹ Park Chung-hee, àwọn aláṣẹ rò pé kò yẹ kí irú ìṣúra bẹ́ẹ̀ máa gbé inú ilé onígi tí iná lè jó run lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n kọ́ ilé tuntun fún un, kọnkéré ni, ìmọ̀ ìgbàlódé ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Wọ́n kó díẹ̀ nínú àwọn pátákó náà lọ síbẹ̀ láti fi dán ilé náà wò. Kò pẹ́ tí ọ̀rinrin fi mú wọn, tí èébu sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára wọn. Wọ́n kó wọn padà sí ilé àtijọ́, wọ́n sì pa èrò náà tì. Ilé tí a kọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ iná mànàmáná ni ó mókè.

Ìtàn yìí kò túmọ̀ sí pé ohun àtijọ́ sàn ju ohun tuntun lọ ní gbogbo ìgbà. Ẹni tí ó bá kà á bẹ́ẹ̀ ti yára jù. Ìbéèrè tí ó bí ni ó ṣe pàtàkì. Nígbà tí a bá ní kí ayàwòrán-ilé kan ní Kòríà yàwòrán ilé-ìkàwé gbogbogbò tí yóò jọ ti àwọn baba ńlá rẹ̀, kí ni ó yẹ kí ó mú lára ilé àtijọ́? Ṣé ìrísí òrùlé rẹ̀ ni, àbí ọgbọ́n tí ó wà lábẹ́ òrùlé náà? Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn ará Kòríà ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Àṣírí Haeinsa wà lára fèrèsé rẹ̀. Ìlà fèrèsé méjì ni ó wà lára ògiri kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Kò sí gíláàsì níbẹ̀, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni a tò sójú wọn. Títóbi wọn kò dọ́gba rárá. Lára ògiri iwájú, níbi tí oòrùn ti ń ràn, fèrèsé ìsàlẹ̀ tóbi tó ìlọ́po mẹ́rin ti òkè. Lára ògiri ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ yí padà: ti òkè ni ó tóbi ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Afẹ́fẹ́ tí ń gòkè bọ̀ láti àfonífojì yóò gba ẹnu ńlá ìsàlẹ̀ wọlé, yóò rìn yí ká láàárín àwọn pátákó, yóò gbéra sókè, kí ó tó gba ẹnu ńlá òkè jáde lẹ́yìnkùlé. Bí ó bá ṣe pé fèrèsé wọ̀nyí dọ́gba ni, afẹ́fẹ́ ìbá kàn gba iwájú wọlé kí ó sì gba ẹ̀yìn jáde tààrà, láìkí ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Ilẹ̀ ilé náà pẹ̀lú ń ṣiṣẹ́. Amọ̀ ni a tẹ́ síbẹ̀, tí a po èédú, iyọ̀, yanrìn àti ẹfun tí a sun mọ́. Ní àsìkò òjò, ilẹ̀ yìí a máa mu omi inú afẹ́fẹ́. Ní àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀, a máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn pátákó fúnra wọn wà ní òró bí ìwé lórí pẹpẹ, orí àti ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì nípọn ju àárín rẹ̀ lọ, débi pé ojú pátákó kan kì í kan ojú èkejì. Àlàfo tóóró wà láàárín gbogbo wọn tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Èyí ni ilé kọnkéré kò ní: ògiri rẹ̀ kì í mí. Ó sì yẹ kí a kíyè sí i pé kò sí ọ̀kan nínú ọgbọ́n wọ̀nyí tí ó hàn kedere nínú fọ́tò. Ẹni tí ó bá lọ ya Haeinsa láti fi ṣe àwòkọ yóò padà wálé pẹ̀lú àwòrán òrùlé.

Ilé yìí tún ye ogun òde-òní. Ní 1951, nígbà Ogun Kòríà, a pàṣẹ fún ọ̀gá àwọn awakọ̀ òfurufú ogun kan, Kim Young-hwan, pé kí ó ju bọ́ǹbù sí agbègbè náà nítorí àwọn ọmọ-ogun ọ̀tá tí wọ́n fara pamọ́ síbẹ̀. Ó kọ̀, kò jù ú. Ní 1995, UNESCO kọ orúkọ ilé méjèèjì sínú àkọsílẹ̀ ogún gbogbo àgbáyé, a sì forúkọ àwọn pátákó náà sílẹ̀ nínú Ìrántí Àgbáyé ní 2007.

Haeinsa kọ́ ni ilé fún ìwé kan ṣoṣo ní ilẹ̀ náà. Ní Dosan Seowon, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Confucius tí a dá sílẹ̀ ní 1574 fún ìrántí onímọ̀ Yi Hwang, yàrá ìwé méjì wà tí orúkọ wọn ń jẹ́ Gwangmyeongsil. Orí òpó ni a gbé wọn lé bí àká, kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má baà dé ọ̀dọ̀ ìwé. Nínú ààfin Changdeokgung ní Seoul, Ọba Jeongjo dá Gyujanggak sílẹ̀ ní 1776, ní ọdún tí ó gorí oyè gan-an. Ilé alájà kan ni: ìwé wà nísàlẹ̀, yàrá tí a ti ń kàwé tí a sì ti ń wo adágún omi wà lókè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ilé mìíràn wà, Seohyanggak, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ibi tí a ti ń sá ìwé. Bí a ti ń sá èlùbọ́ ni wọ́n ń sá ìwé ní Kòríà. Posae ni wọ́n ń pe àṣà náà. Fún àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ìtàn àwọn ọba Joseon, òṣìṣẹ́ ọba ni a máa ń rán láti olú-ìlú lọ sí orí òkè tí wọ́n wà, ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà, láti lọ ṣí wọn sí afẹ́fẹ́ àti oòrùn, kí ó sì kọ ohun tí ó bá lójú ibẹ̀ sílẹ̀.

Ìdí tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi wà lórí òkè jẹ́ ìtàn kan tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹ̀dà mẹ́rin ìwé ìtàn náà wà, ọ̀kan ní olú-ìlú, àwọn yòókù ní ìlú Chungju, Seongju àti Jeonju. Nígbà tí àwọn ará Jàpáánì gbógun dé ní 1592, mẹ́ta nínú wọn ṣègbé. Èyí tí ó wà ní Jeonju nìkan ni ó kù, kì í sì í ṣe ọmọ-ogun ni ó gbà á là. Ọ̀mọ̀wé méjì tí wọn kò sí nípò àṣẹ, An Ui àti Son Hong-rok, ni wọ́n kó o gun Òkè Naejang, tí wọ́n sì ṣọ́ ọ níbẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọdún kan. Lẹ́yìn ogun náà, a tẹ ẹ̀dà tuntun láti ara ẹyọ kan ṣoṣo yẹn, a sì pín wọn káàkiri àwọn òkè tí ó jìnnà sí ìlú. Láti ìgbà náà, èrò tí ó wà lọ́kàn àwọn tí ń kọ́ ilé fún ìwé ni pé kí ilé náà jìnnà sí ènìyàn.

Jíjìnnà náà kò gbà wọ́n ní gbogbo ìgbà. Ní 1782, Jeongjo kọ́ ẹ̀ka Gyujanggak sí erékùṣù Ganghwa, nítorí ibẹ̀ ni ó dà bí ẹni pé kò séwu. Ní 1866, àwọn ọmọ-ogun ojú omi Faransé dé erékùṣù náà, wọ́n kó ìwé tí ó wù wọ́n, wọ́n sì dáná sun ìyókù pẹ̀lú ilé. Lára ohun tí wọ́n kó lọ ni ìdìpọ̀ 297 ìwé uigwe, tí a fi àwòrán àti ọ̀rọ̀ kọ bí a ṣe ń ṣe ayẹyẹ ààfin. Park Byeong-seon, obìnrin ará Kòríà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìkàwé ìjọba Faransé ní Paris, ni ó rí wọn ní 1975 níbi tí wọ́n jókòó sí tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè wọn. Ó di 2011 kí wọ́n tó délé, ìrísí àwìn ọlọ́dún márùn-ún márùn-ún ni a sì fi dá wọn padà, bí ẹni pé onílé ni ó ń yá ohun ìní ara rẹ̀. Ọdún kan náà ni Park kú.

Gbogbo ilé wọ̀nyí, láti Haeinsa dé Ganghwa, ní ohun kan tí ó pa wọ́n pọ̀: ìwé ni onílé. Ọba, ìjòyè, àlùfáà tàbí ọ̀mọ̀wé ni ó lè wọ ibẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ̀kankan nínú wọn kí ọmọ alágbẹ̀dẹ tàbí ìyá ọlọ́jà lè wọlé láti jókòó kàwé. Níbi yìí ni iṣẹ́ ayàwòrán-ilé òde-òní ti le, nítorí pé ẹnu ọ̀nà ilé-ìkàwé gbogbogbò gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí. Bí ó bá wo Haeinsa nìkan, yóò kọ́ bí a ti ń tọ́jú ìwé, kò ní kọ́ bí a ti ń gba àlejò. Fún ìyẹn, ó ní láti yíjú sí ogún kejì, ilé tí ènìyàn ń gbé, tí wọ́n ń pè ní hanok.

Òtútù Kòríà ń gan, ooru rẹ̀ sì ń yọni lẹ́nu. Hanok ní ìdáhùn sí méjèèjì lábẹ́ òrùlé kan náà. Fún òtútù, ondol wà. A kọ́ ààrò sí ẹ̀gbẹ́ yàrá, a sì la ihò tóóró tóóró sábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, tí a fi òkúta pẹlẹbẹ bò. Bí a bá dáná, èéfín àti ooru yóò gba abẹ́ òkúta kọjá lọ sí ihò èéfín ní òdì kejì. Òkúta gbóná, amọ̀ àti bébà tí a tẹ́ lé e gbóná, ẹni tí ó jókòó sílẹ̀ sì gbóná láti ìdí. Nítorí náà ni àwọn ará Kòríà fi ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé, tí wọ́n sì ń jẹun, tí wọ́n ń sùn, tí wọ́n ń kàwé nílẹ̀. Fún ooru, maru wà: pákó tí a tẹ́ sókè díẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Etí òrùlé gùn jáde ju ògiri lọ, gígùn rẹ̀ sì ní ìṣirò nínú. Ní Seoul, ní ọ̀sán gangan oṣù Kẹfà, oòrùn ga tó ìwọ̀n 76 lójú ọ̀run. Etí òrùlé dí i, kò lè wọlé. Ní oṣù Kejìlá, kò ju ìwọ̀n 29 lọ. Ó gba abẹ́ etí òrùlé náà wọlé dé ìsàlẹ̀ yàrá. Bébà hanji tí a lẹ̀ mọ́ fèrèsé ń sọ ìmọ́lẹ̀ náà di rírọ̀, débi pé kò ta ojú ẹni tí ń kàwé.

Àlèébù hanok náà kò fara sin. Orí òpó igi ni gbogbo òrùlé dúró lé, òrùlé yìí sì wúwo, nítorí àwo amọ̀ sísun tí wọ́n ń pè ní giwa ni a fi bò ó, lórí erùpẹ̀ tí a tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Igi kò lè gùn kọjá agbára rẹ̀. Ìdí nìyí tí àlàfo àárín òpó méjì, tí wọ́n ń pè ní kan, kì í fi í fẹ̀ ju mítà díẹ̀ lọ. Ilé-ìkàwé fẹ́ gbọ̀ngàn fífẹ̀. Ó fẹ́ pẹpẹ púpọ̀ pẹ̀lú, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ti ru páálí ìwé kan rí mọ̀ bí ìwé ti wúwo tó.

Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lẹ́yìn òmìnira gba ọ̀nà tí ó rọrùn. Ní 1966, ìjọba pe ìdíje fún àwòrán ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí a fẹ́ kọ́ sínú ọgbà ààfin Gyeongbokgung, wọ́n sì là á sílẹ̀ pé kí ìta rẹ̀ jẹ́ àwòkọ àwọn ilé àtijọ́ olókìkí. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán-ilé fárígá. Síbẹ̀ wọ́n kọ́ ọ, a sì parí rẹ̀ ní 1972: àtẹ̀gùn rẹ̀ jọ ti tẹ́ńpìlì Bulguksa, ilé gogoro orí rẹ̀ jọ Palsangjeon ti Beopjusa, kọnkéré sì ni gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Láti 1993 ni ó ti jẹ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn aráàlú. Ó ga, ó sì ń fa ojú àlejò mọ́ra, ṣùgbọ́n òpó rẹ̀ kò ru ohun tí òpó igi ń rù, etí òrùlé rẹ̀ kò sì ṣírò oòrùn kankan. Òrùlé ti di fìlà. Ìbínú àwọn ayàwòrán-ilé 1966 tọ́, ilé náà fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí wọn.

Láàárín àkókò kan náà, hanok gidi ń wó lọ ní ìlú. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kù ní Bukchon, ní agbègbè Jongno ní Seoul, jẹ́ iṣẹ́ ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jeong Se-gwon. Ní àwọn ọdún 1920 àti 1930, lábẹ́ ìjọba amúnisìn Jàpáánì, ó ń ra ilẹ̀ ńlá, ó ń gé e sí kékeré, ó sì ń kọ́ hanok tí ó ní gíláàsì àti omi ẹ̀rọ fún àwọn ará Kòríà tí kò lówó púpọ̀. Oníṣòwò ni, ó sì jèrè. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kan náà ni ó fún Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Èdè Joseon ní ilé ní 1935, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè Kòríà. Ní 1942, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn onímọ̀ náà sẹ́wọ̀n, wọ́n sì gba ìwé àfọwọ́kọ wọn. Jeong pẹ̀lú kò bọ́ nínú ìyà náà. Lẹ́yìn ogun, ní 1945, a rí ìwé àfọwọ́kọ yìí nínú ilé ìkẹ́rùsí ní ibùdókọ̀ ojú irin Seoul. Nítorí náà, ní Jongno, ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ èdè kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì 2008, ọkùnrin arúgbó kan tí inú ń bí nítorí owó ilẹ̀ rẹ̀ dáná sun Sungnyemun, ẹnu-bodè ńlá Seoul tí a parí ní 1398. Gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó rí i lórí tẹlifíṣọ̀n bí òrùlé náà ti wó. Ọdún márùn-ún ni àtúnkọ́ rẹ̀ gbà. Wọ́n pinnu pé ọwọ́ ni a ó fi mọ giwa rẹ̀, bí ti àtijọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ. Wọ́n ṣí i ní oṣù Karùn-ún 2013, kò sì ju oṣù díẹ̀ lọ tí ọ̀dà aláràbarà tí a kùn ún fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Àwọn ènìyàn wá mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ tí a pa tì fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í jí padà nítorí pé ìjọba ná owó lé e. Iná yìí fi ẹ̀rù sí ọkàn ẹnikẹ́ni tí ó ń ronú láti kó ìwé sínú ilé onígi. Àmọ́ ó tún dá iṣẹ́ giwa ọlọ́wọ́ padà.

Guro, ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Seoul, ti kọ́ ilé-ìkàwé àwọn ọmọdé onírísí hanok, Geulmaru, ní 2011. Ní oṣù Kẹfà 2014, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tí ó fi ọwọ́ ìjọba sí ìdàgbàsókè hanok, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2015. Láàárín òfin àti iṣẹ́ rẹ̀, ní oṣù Kọkànlá 2014, ni agbègbè Jongno ṣí Ilé-Ìkàwé Lítíréṣọ̀ Cheongun ní gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ Òkè Inwang. Ibẹ̀ ni ogún méjèèjì ti pàdé.

Ohun tí àwọn tí ó yàwòrán rẹ̀ ṣe rọrùn láti sọ, kò rọrùn láti rò. Wọn kò gbìyànjú láti fẹ hanok lójú títí yóò fi gba pẹpẹ ìwé. Wọ́n la ilé náà sí méjì ní ìbú. Ìsàlẹ̀ jẹ́ kọnkéré, a sì rì í sínú ara òkè. Ibẹ̀ ni àwọn pẹpẹ ìwé wà, pẹ̀lú gbọ̀ngàn ìkàwé fífẹ̀ tí òpó igi kò dí lọ́wọ́. Lókè, lórí ilẹ̀ gbalasa, hanok gidi ni ó dúró: òpó igi, ògiri funfun, bébà lójú fèrèsé, àgbàlá láàárín. Ènìyàn ni ó wà níbẹ̀. Àwọn yàrá kéékèèké tí ó jẹ́ àlèébù hanok wá di àǹfààní, nítorí pé ẹgbẹ́ òǹkàwé tí kò ju ènìyàn mẹ́wàá lọ kò nílò gbọ̀ngàn. Ẹni tí ó bá mú ìwé nísàlẹ̀ lè gùn ún lọ sókè, kí ó bọ́ bàtà, kí ó jókòó sílẹ̀. Ilé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìṣàn omi tí ń já láti orí àpáta, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń wá síbẹ̀ nítorí fèrèsé yẹn nìkan.

Ẹ̀rù iná náà ní ìdáhùn nínú pípín yìí: ohun tí ó pọ̀ jù tí ó sì wúwo jù wà nínú kọnkéré, igi sì ru ohun tí igi lè rù, òrùlé àti afẹ́fẹ́. Jeongjo ti fi ìwé sísàlẹ̀ àti òǹkàwé sókè ní Gyujanggak ní 1776. Kì í ṣe ìrísí ilé ọba náà ni Cheongun mú, ètò inú rẹ̀ ni. Nípa òrùlé, wọn kò fi ṣeré. Giwa ọlọ́wọ́, irú èyí tí a lò fún Sungnyemun, ni wọ́n fi bò ó. Fún orí ògiri ọgbà, wọ́n lo nǹkan bí 3,000 giwa ògbólógbòó tí a kó jọ nígbà tí a ń wó àwọn hanok àdúgbò Donuimun láti kọ́ ilé tuntun síbẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, lára ilé-ìkàwé yìí ni díẹ̀ nínú òrùlé àwọn ìdílé tí àdúgbò wọn ti parẹ́ kù sí. Ní 2015, ilé náà gba àmì-ẹ̀yẹ tí ó ga jù fún hanok ní ọdún náà.

Lítíréṣọ̀ ni ó gbájú mọ́: ewì, ìtàn àròsọ, àròkọ. Ibi tí ó wà bá iṣẹ́ náà mu. Ìrìn díẹ̀ sí i lórí òkè kan náà ni ilé ìrántí akéwì Yun Dong-ju wà, tí a ṣí ní 2012 nínú àwọn táǹkì omi tí ìlú kò lò mọ́. Yun kọ ewì rẹ̀ ní èdè Kòríà nígbà tí a kò jẹ́ kí ilé-ìwé fi èdè náà kọ́ni. Wọ́n mú un ní Jàpáánì ní 1943, ó sì kú sí ẹ̀wọ̀n Fukuoka ní oṣù Kejì 1945, oṣù mẹ́fà kí ìjọba amúnisìn tó ṣubú, láìtẹ ìwé kankan jáde. Ayàwòrán-ilé Lee So-jin ṣí orí táǹkì kan sí ojú ọ̀run, ó sì fi èkejì sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Kò sí òrùlé títẹ̀ kankan níbẹ̀, síbẹ̀ àgbàlá hanok ni táǹkì tí ó ṣí náà ń rán àlejò létí.

Irú ilé bíi Cheongun kò tíì tán gbogbo ìṣòro. Ó wọ́n, nítorí pé igi tó dára àti ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó mọ oríkèé òpó kì í ṣe ohun olówó pọ́ọ́kú. Kò lè gba èrò tí gbọ̀ngàn ńlá ń gbà. Ìpìlẹ̀ òkúta gíga, àtẹ̀sẹ̀wọlé igi àti jíjókòó nílẹ̀ dùn mọ́ ọ̀dọ́; wọn kò rọrùn fún arúgbó tí orúnkún ń dùn tàbí ẹni tí ó wà nínú kẹ̀kẹ́ arọ. Àwọn baba ńlá kò fi ìdáhùn sí èyí sílẹ̀, nítorí pé ilé wọn kì í ṣe ti gbogbogbò. Níbẹ̀ ni ayàwòrán-ilé gbọ́dọ̀ dá ọgbọ́n tirẹ̀ dá, ó sì dára bí kò bá purọ́ pé àṣà ni ó kọ́ òun.

Ilé ọba kan wà tí ó fi ìyàtọ̀ ìgbà méjèèjì hàn ju àlàyé lọ. Ní àríwá ààfin Gyeongbokgung ni Jibokjae wà, tí bíríkì wà lára ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà Ṣáínà, nítorí pé Ọba Gojong fẹ́ràn ohun tuntun. A kọ́ ọ sí Changdeokgung ní 1881, a tú u, a sì tún un tò síbi tí ó wà báyìí ní 1891. Ọba náà fi kó ìwé rẹ̀ sí, lára wọn àwọn ìwé ìmọ̀ ìgbàlódé tí ó ń rà wá láti Ṣáínà, ó sì ń gba àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè mìíràn níbẹ̀. Ní 2016, a ṣí i gẹ́gẹ́ bí ilé-ìkàwé kékeré fún ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ ààfin. Ìwé ìtàn àti àṣà Joseon ni a tò síbẹ̀ fún wọn. Àwọn ìwé Gojong gan-an kò sí níbẹ̀ mọ́. Púpọ̀ nínú wọn wà ní Gyujanggak ti Yunifásítì Seoul, níbi tí a ti ń ṣọ́ ọ̀rinrin àti ooru tọ̀sán tòru.